Ọkùnrin Tó Wọ Agbádá Etù Mi

Mo ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún báyìí. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni mo ti gbàgbé, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé ọkùnrin kan tó dúró lẹ́yìn ìyàwó mi nínú fídíò, tó wọ agbádá etù mi, tó dé fìlà mi, tí mi ò sì lè rí ojú rẹ̀. Fídíò ìṣẹ́jú méjì péré ni. Díẹ̀ ló kù kó tú ilé mi ká.

Ọmọ Kétu ni mí. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ ní Agége nígbà náà, wọn á ní, "Kétu ẹ̀bá Ọjọ́ta?" Màá ní rárá o, Kétu ìlú ọba, ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Wọn á wò mí láti òkè délẹ̀. "Áà, ará Kútọnu ni yín!" Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí baba ńlá mi àti baba ńlá ẹni tó ń bi mí jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ṣùgbọ́n ààlà tí òyìnbó fà sáàárín wa ti sọ mí di àlejò nínú èdè ara mi.

Mo kàwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí. Mo lọ sí yunifásítì lẹ́yìn Kútọnu nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ò tíì pọ̀, mo sì fi ogún ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa odò, òkè àti ààlà ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n dín àwọn olùkọ́ kù, mo wà lára àwọn tí wọ́n dín. Àwọn ológun ilẹ̀ Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ni. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé Èkó ti ń jí, pé iléeṣẹ́ ń ṣílẹ̀kùn. Èmi náà di ẹrù mi.

Mo fẹ́ mú agbádá etù tí mo wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa dání. Ìbídùn, ìyàwó mi, gbà á lọ́wọ́ mi.

"Kí lẹ fẹ́ fi etù ṣe ní Èkó, Bàbá Kọ́lá? Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ní aṣọ nílé, á padà wá wọ̀ ọ́."

Ìtìjú àkọ́kọ́ tí mo jẹ ní Agége, orí búrẹ́dì ni. Ní Kétu, a ti jogún orúkọ tí àwọn Faransé ń pe búrẹ́dì. Mo bá dúró síwájú obìnrin kan tó to búrẹ́dì sílẹ̀ bíi bíríkì, mo ní kó fún mi ní pẹ́ẹ̀ kan.

"Kí ni?"

"Pẹ́ẹ̀."

"Bàbá, ṣé pẹ́pẹ́yẹ lẹ fẹ́ rà ni? Ẹ kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn aládìẹ."

Gbogbo àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti kọ ìwé àṣekágbá olójú ewé ọgọ́rùn-ún, mo na ìka sí búrẹ́dì bí ẹni tó yadi. Ó fi bébà wé e fún mi, ó sì tún fi ẹyọ kékeré kan lé e. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ kú àjò." Mo jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà, ó gbóná, ó sì dùn, inú sì ń bí mi.

Iléeṣẹ́ tó ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke ní Ọ̀rẹ́gùn ni mo ti ríṣẹ́. Ọdún kan gbáko ni mo fi ru ẹrù. Ní ọjọ́ kan, àwọn oníbàárà kan dé láti Lomé, kò sì sí ẹni tó gbọ́ Faransé tí wọ́n ń sọ. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, mo bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀gá wò mí bí ẹni tó rí ewúrẹ́ tó ń kàwé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún mi ní ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n fún mi ní àga tó ní ẹ̀yìn, gbogbo wọn sì ń pè mí ní Mùsíyọ̀, bí Faransé ṣe ń pe ọ̀gbẹ́ni. Mo fẹ́ràn àga yẹn. Mo mọ̀ pé bí mo bá dìde kúrò lórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹlòmíràn á jókòó sí i.

Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ sọ òtítọ́, iṣẹ́ tí mo ṣe jù ní Èkó ni owú jíjẹ. Mo jowú àwọn ará Èkìtì tí a jọ ń gbé ilé kan náà, tí wọ́n máa ń lọ sílé nígbà Àjíǹde, tí wọ́n á gbé iṣu àti ìròyìn bọ̀. Mo jowú àwọn awakọ̀ tí mo ń rí lábẹ́ igi ní GRA, tí wọ́n ń fi èdè ìlú wọn bú ara wọn ṣeré. Mo jowú ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà lójúkojú. Kétu ò jìnnà, ìrìn ọjọ́ kan ni. Ojú ló ń tì mí. Mo ti búra pé mi ò ní padà ní ọwọ́ òfìfo, ọdún sì ń gorí ọdún.

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń fóònù sílé. Ìbídùn ò ní fóònù. Aládùúgbò wa kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì ló ní. Wọn á pariwo orúkọ rẹ̀, èmi á gbé fóònù létí, màá máa gbọ́ bàtà rẹ̀ tó ń dún pá-pá-pá bó ṣe ń sáré bọ̀. Ohùn bàtà yẹn dùn mọ́ mi ju ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lọ. Ọ̀rọ̀ wa ò ju pé adìẹ ti yé, òjò ti rọ̀, Kọ́lá kí mi láti Pàrákú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré, mò ń rò ó pé èmi ló ń sáré pàdé.

Ní ọdún kẹfà ni lẹ́tà Jústínà wọlé sórí kọ̀ǹpútà. Àbúrò mi obìnrin ni, ó ń gbé ní Pàrísì. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo lọ sílé nígbà ọyẹ́, mo ya fídíò ilé fún yín. Méjì ni mo gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ti kékeré ò wúwo, ṣùgbọ́n kò mọ́ dáadáa. Ti ńlá ni HD, ó mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ó wúwo gan-an. Ẹ mú èyí tí agbára ibẹ̀ bá gbé."

Kafé tí mo ti kà á wà ní Ìkẹjà, lókè ilé alájà kan. Múfútáù ló ni ín, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni bí ogójì ọdún. Ó ti fi ọdún mẹ́wàá ránṣọ kó tó ra kọ̀ǹpútà mẹ́fà. Máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ kan ṣì wà ní kọ̀rọ̀, ó ní kì í ṣe ojoojúmọ́ ni íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń wá síṣẹ́.

"Bàbá, ti kékeré ni kí ẹ mú," ó ní. "Kí ẹ tó jẹ gúgúrú tán, ó ti dé. Ti ńlá yìí, ẹ ó jókòó tì í títí irùngbọ̀n yín á fi kan ìdí. Bí iná bá sì lọ lágbedeméjì, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

"Ṣé màá rí ìyàwó mi nínú ti kékeré?"

"Ẹ ó rí wọn. Ẹ ṣáà ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀."

Mo mú ti kékeré. Lóòótọ́, kò pẹ́ rárá. Àwòrán náà kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, nígbà tí Múfútáù sì fẹ̀ ẹ́, ó fọ́ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin bí ilẹ̀ tí ọ̀dá ti là. Mo dá àgbàlá wa mọ̀. Mo dá Ìbídùn mọ̀ nípa ìdúró rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń já bí ohùn ẹni tó wà lábẹ́ omi. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu bí ọmọge tí wọ́n ń dẹnu kọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkùnrin gíga kan dúró sí, nínú agbádá etù mi, pẹ̀lú fìlà mi lórí. Ojú rẹ̀ kò ju àbàwọ́n dúdú lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Ìbídùn yíjú sí i, ó na ọwọ́, ó gbọn nǹkan kúrò léjìká rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí aya ṣe ń gbọn nǹkan kúrò léjìká ọkọ.

Ó parí.

"Bàbá, ṣé kò sí?" Múfútáù bi mí. Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.

Mo mọ ẹni tó ga tó bẹ́ẹ̀. Bàsílì ni. A jọ wà ní yunifásítì ni. A jọ ń fẹ́ Ìbídùn nígbà yẹn, èmi ló gbà. Bàsílì dúró sílé, wọn ò dín òun kù, òun sì ni ọ̀gá ilé ìwé ní Kétu. Èmi tí mo fẹ́ obìnrin náà, mo ń ka bọ́kẹ́ẹ̀tì ní Ọ̀rẹ́gùn. Òun tí kò rí i fẹ́, ó ń rí i lójoojúmọ́.

Ẹni tó bá ń kà á lè sọ pé, kí ló dé tó ò bi àbúrò rẹ? Báwo ni ẹ̀gbọ́n ṣe ń bi àbúrò pé ta ló ń wọ aṣọ mi nílé mi? Mo bi Ìbídùn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni mo gbà.

"Ta ló wà nílé báyìí?" Mo bi í lọ́jọ́ Sátidé.

"Ta ni ì bá wà nílé? Èmi àti adìẹ."

"Kò sí ẹni tó ń yà kí ọ?"

"Àwọn èèyàn ń yà. Tíṣà Bàsílì yà lọ́jọ́sí, wọ́n ní kí n kí yín."

Mo ní, "Ó dáa," mo pa fóònù. Ó pe mí padà ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mi ò gbé e. Ó tún pè ní èkejì, mo jẹ́ kó dún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Mò ń ro bàtà rẹ̀, pé kì í sáré mọ́ bíi tàtijọ́, àfi kó máa rọra rìn bí ẹni tó ń bọ̀ láti ibi tó tù ú lára.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo jókòó sórí àga mi nílé ìkẹ́rùsí, mo kọ lẹ́tà kan sí i pé kó di ẹrù rẹ̀ kó padà sí ilé bàbá rẹ̀. Èdè Faransé ni mo fi kọ ọ́, kí n má baà gbọ́ ohùn ara mi nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé Ìbídùn ò gbọ́ Faransé tó bẹ́ẹ̀, pé Bàsílì ni yóò kà á fún un. Inú mi dùn sí èyí. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹnu rẹ̀ ni yóò ti jáde. Sùlè, awakọ̀ ará Pọ́bẹ̀ kan tó ń ná Agége, yóò lọ sí Kétu ní ọjọ́ Ajé. Òun ni màá fún.

Ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú, mo yà ní kafé láti wo fídíò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ìbínú mi má baà tutù. Múfútáù gbé àga rẹ̀ sún mọ́ mi.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ti wo fídíò yìí ju bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń wo bọ́ọ̀lù lọ. Kí ló wà níbẹ̀?"

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo fi lẹ́tà hàn án. Kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà.

"Ta ni Bàsílì nínú èyí? Èmi ò rí Bàsílì. Mo rí aṣọ. Bàbá, èèyàn kì í fi fídíò kékeré kọ ìyàwó. Ẹ jẹ́ ká fa ti ńlá wá."

"O ní kò ṣeé fà."

"Ó ṣeé fà ní ọjọ́ Ìsinmi. Láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán, gbogbo Ìkẹjà ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó ń bá wa fa íńtánẹ́ẹ̀tì. Mùsùlùmí ni mí, màá ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀yin, ẹ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ pásítọ̀ yín."

Ọjọ́ Ìsinmi yẹn, mo gba ojú ọ̀nà Agége kọjá láàárín àwọn tó gbé Bíbélì dání, èmi gbé lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ sápò. Ìlú dákẹ́. Ilà aláwọ̀ ewé kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ lójú kọ̀ǹpútà bí ìgbín. A jókòó tì í. Múfútáù ń rán sòkòtò kan létí. Ìgbín dé àárín. Ìgbín kọjá àárín. Ó ku bí àtàǹpàkò kan kó dé òpin nígbà tí wọ́n mú iná lọ.

Múfútáù fò dìde, ó fa okùn jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó dáhùn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà jí, ìgbín ti padà sílé.

"Ó tó," mo ní. "Ọlọ́run ti dáhùn."

"Ọlọ́run kọ́, iná ni. Ẹ jókòó, sà."

A tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ti ń túká, àwọn èèyàn ti ń gun àkàbà bọ̀ láti wá ka lẹ́tà wọn. Múfútáù yọ okùn kọ̀ǹpútà márùn-ún yòókù.

"Ẹ ní sùúrù díẹ̀," ó ń sọ fún wọn. "Ìyàwó Bàbá ń bọ̀ lọ́nà, ẹ má dí ọ̀nà mọ́ wọn."

Obìnrin kan tó wé gèlè ṣọ́ọ̀ṣì jókòó, ó ń fẹ́ ara rẹ̀. "Ibo ni wọ́n ti ń bọ̀?"

"Kétu."

"Kétu tó wà níbí yìí? Kí ló wá dé tí wọn ò wọ bọ́ọ̀sì?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi wà nínú àpò, lórí lẹ́tà. Mò ń rò ó pé báyìí náà ni àwọn ará ìlú yìí ṣe ń rí mi: ìdúró mi, ohùn tó já, ojú tí kò hàn, wọ́n sì ti mọ ẹni tí mo jẹ́. Wọ́n mú ti kékeré nítorí pé ó yá. Mi ò sì rò ó nígbà náà pé ohun tí mo ṣe fún Ìbídùn kò yàtọ̀.

Aago mẹ́ta kọjá kí ìgbín tó dé òpin. Múfútáù tẹ̀ ẹ́.

Mo kọ́kọ́ rí ilẹ̀ àgbàlá wa, àmì ìgbálẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Mo rí adìẹ. Mo wá rí ọkùnrin náà. Kò ní ẹsẹ̀. Ọ̀pá oparun kan ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, òmíràn gba inú apá agbádá mi méjèèjì kọjá, fìlà mi sì wà ní ṣóńṣó ọ̀pá níbi tí orí ì bá wà. Ọyẹ́ ló ń mi ọwọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ń ṣe. Mo ti gbàgbé pátápátá! Nígbà tí bàbá mi wà ní Kùmásí, gbogbo ìgbà ọyẹ́ ni ìyá mi ń fi oparun gbé aṣọ rẹ̀ dúró láàárín àgbàlá fún ọjọ́ mẹ́ta, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, kí ẹni tó ń kọjá sì mọ̀ pé ilé náà ní ọkọ. Èmi ni mo ń bá a di ọ̀pá mú.

Ohùn Ìbídùn mọ́ gaara báyìí. Ó ń bá Jústínà sọ̀rọ̀: "Ẹ wá wo ọkọ mi o. Ọjọ́ kẹta rèé tó ti dúró. Kò béèrè oúnjẹ, kò bínú, kò sì sọ pé òun ń lọ sí Èkó."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà pẹ́ díẹ̀ kó tó débẹ̀, mo sì rí i pé eyín òkè kan ti kúrò níwájú. Kò sọ fún mi rí. Irun rẹ̀ ti funfun létí gèlè. Ó yíjú sí agbádá, ó gbọn ewé gbígbẹ kan kúrò léjìká rẹ̀.

Múfútáù ló kọ́kọ́ lanu.

"Háà! Òwú funfun ni wọ́n fi rán ọrùn etù! Bàbá, ẹ wò ó, ọrùn ẹ̀wù yín ti já, wọn ò rí òwú tó bá a mu." Ó lọ sí kọ̀rọ̀, ó kó òwú aláró bíi mẹ́fà wá, ó ń fi wọ́n wé ojú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ kan bí ẹni tó ń wọn oògùn. "Eléyìí. Eléyìí gan-an ni. Nínú ti kékeré, ǹ bá má mọ̀ ọ́n."

Mo yọ lẹ́tà kúrò nínú àpòòwé, mo fi òwú sí i. Ní ọjọ́ Ajé, mo fún Sùlè. Ó gbọ̀n ọ́n létí. "Òwú nìkan? Bàbá, òwú ò sí ní Kétu ni?"

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo fóònù. Wọ́n pariwo orúkọ rẹ̀. Pá-pá-pá.

"Bàbá Kọ́lá! Ó pẹ́ o. Mo rò pé ẹ ti ṣàìsàn." Èémí rẹ̀ ń já. "Ta ló sọ fún yín pé ọrùn ẹ̀wù yín ti já?"

"Mo rí i nínú fídíò tí Jústínà yà."

"Kí lẹ tún rí?"

"Kò sí," mo ní. "Fídíò náà ò mọ́ tó bẹ́ẹ̀."

Kí ọyẹ́ mìíràn tó dé, mo ti fi àga sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, mo sì ti padà sí Kétu ní ọwọ́ òfìfo tí mo búra lé lórí. Alẹ́ ọjọ́ tí mo dé, Ìbídùn gbé agbádá náà jáde. Mo wọ̀ ọ́. Ó já wálẹ̀ lára mi, ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé igbá àyà mi. Bọ́kẹ́ẹ̀tì Ọ̀rẹ́gùn ti jẹ èjìká mi. Ìbídùn yí mi po, ó wò mí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹni tó ni ẹ̀wù yìí ò tíì dé," ó ní.

Àwàdà ló fi ṣe, a sì jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ tún ti dé bí mo ṣe ń kọ èyí, Ìbídùn sì ti rì í mọ́ àárín àgbàlá láti àná. Mo ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ó ga jù mí lọ. Èjìká rẹ̀ dúró ṣinṣin. Kò fi ilé sílẹ̀ rí. Ìbídùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀, ó dúró, ó gbọn eruku kúrò ní àyà rẹ̀.

Mo ṣì ń jowú ọkùnrin náà.